Ilé Ọba Tí Ó Jó

Àwọn àgbà a máa pa á lówe pé, "Ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i." Ìtumọ̀ òwe yìí kò ṣòro. Bí iná bá jó ààfin, gbogbo ìlú ni yóò dìde láti tún un kọ́. Ẹni tí ó ní igi yóò mú igi wá, ẹni tí ó ní ewé yóò mú ewé wá, ẹni tí kò sì ní nǹkan kan yóò fi agbára rẹ̀ ṣiṣẹ́. Kí ọdún tó yí po, ààfin tuntun yóò ti dára ju ti àtijọ́ lọ. Ṣùgbọ́n bí iná kan náà bá jó ahéré tálákà, ta ni yóò ru igi wá fún un? Láti inú òwe yìí ni ìbéèrè tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò ti jáde. Nígbà tí ìlú bá dàrú, tàbí tí ayé bá yí padà lójijì, ṣé òtítọ́ ni pé àwọn alágbára ni ó máa ń yè é nígbà gbogbo, tí ó sì jẹ́ pé àwọn mẹ̀kúnnù ni ó máa ń jìyà rẹ̀?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò yára dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn mìíràn yóò ní rárá, nítorí wọ́n ti rí ọba tí a lé lórí ìtẹ́ àti olówó tí ó di alágbe. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bá fẹ́ kọ àròkọ tí ó ní láárí kò gbọdọ̀ gba ọ̀kan nínú ìdáhùn méjèèjì kí ó tó wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ibi kan tí ó wà nítòsí wa, èyí ni ilẹ̀ Oníru ní Èkó.

Oníru jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn Ìdẹ́jọ, àwọn ìjòyè onífìlà funfun tí ó ni ilẹ̀ Èkó láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ìlú tí ó ń jẹ́ Ìru, tí orúkọ oyè rẹ̀ ti wá, wà lórí ilẹ̀ tí gbogbo ayé mọ̀ sí Victoria Island lónìí. Nígbà náà, apẹja àti àgbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ń gbé ibẹ̀. Omi yí wọn ká, ìwọ̀nba ni ariwo tí ń dé ọ̀dọ̀ wọn láti ìgboro Èkó. Ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀ lé Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba àwọn Òyìnbó fẹ́ mú ìlú Èkó gbòòrò sí i, wọ́n sì gba ilẹ̀ náà. Wọ́n san owó gbà-má-bínú, wọ́n sì ní kí àwọn ará Ìru kó lọ sí apá ìlà-oòrùn. Ibi tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kó lọ ni abúlé kan tí a ń pè ní Màrókó.

Kí ni ó dé tí ìjọba tí ó ní ìbọn àti ọlọ́pàá fi san owó fún ẹbí kan kí ó tó gba ilẹ̀ wọn? Kì í ṣe ojú àánú lásán. Ní ọdún 1913, ìjọba ti gba ilẹ̀ kan ní Àpápá lọ́wọ́ Olóyè Olúwa, tí òun náà jẹ́ Ìdẹ́jọ bíi ti Oníru. Orúkọ Olóyè Olúwa ìgbà náà ni Àmọ́dù Tijani. Ó pe ẹjọ́, kò sì jẹ́ kí ó sú òun títí ẹjọ́ náà fi dé Ìgbìmọ̀ Ìdájọ́ Ọba ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1920, Herbert Macaulay bá a lọ sí ọ̀hún láti jẹ́ agbẹnusọ rẹ̀. Ní 1921, ìgbìmọ̀ náà dájọ́ pé ilẹ̀ jẹ́ ti ìdílé àti àwùjọ tí ó ni ín, àti pé bí ìjọba bá gbà á, kí ó san owó rẹ̀ bí ẹni tí ó ra ọjà lọ́wọ́ ọlọ́jà. Ìdájọ́ yìí di odi tí àwọn onílẹ̀ lè fẹ̀yìn tì. Ẹ kíyè sí i pé odi náà dára, ṣùgbọ́n àwọn onílẹ̀ nìkan ni ó yí ká. Ẹni tí ó kàn ń gbé lórí ilẹ̀, tí kì í ṣe ọmọ onílẹ̀, wà lẹ́yìn odi.

Màrókó kò dúró ní abúlé kékeré. Bí Victoria Island àti Ìkòyí ṣe ń gbilẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ń wá ibi tí wọn yóò máa sùn sí. Awakọ̀, ọdẹ tí ń ṣọ́ ilé, alásè, bíríkìlà, akọ̀wé kékeré, olùkọ́, apẹja àti ìyá aláta, gbogbo wọn rí yàrá tí apá wọn ká ní Màrókó. Yorùbá wà níbẹ̀, Ẹ̀gùn wà níbẹ̀, Ìlàjẹ wà níbẹ̀, Ìgbò àti àwọn ẹ̀yà mìíràn sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Wọ́n ní ọjà, ilé-ẹ̀kọ́, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sálásí. Nígbà tí ó fi di ọdún 1990, a fojú bù ú pé àwọn tí ń gbé ibẹ̀ tó 300,000.

Ní oṣù July ọdún náà, nígbà tí òjò ń rọ̀ gidigidi, ìjọba ológun ti Ìpínlẹ̀ Èkó, èyí tí Raji Rasaki jẹ́ gómìnà rẹ̀, kéde lórí rédíò pé kí gbogbo ará Màrókó kó jáde. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan péré ni a fún wọn. Ní ọjọ́ 14 oṣù July 1990, àwọn katakata dé pẹ̀lú àwọn ológun àti ọlọ́pàá, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí wó ilé. Bàbá ń gbé ibùsùn, ìyá ń wá ọmọ, ọmọ ń wá ìwé. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ kò rí ẹrù wọn kó. Nígbà tí eruku rọlẹ̀, Màrókó ti parẹ́.

Àwọn àgbà sọ pé, "Ogun àwítẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n." Ẹnì kan lè fi òwe yìí bá àwọn ará Màrókó wí, kí ó ní, "Ṣebí a ti sọ fún wọn?" Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ kan kò tó láti wá ilé fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìdílé nínú ìlú tí ilé ti wọ́n bí ojú. Kí arọ tó lè sá, ó ní láti rí ọ̀nà tí yóò gbà àti ibi tí yóò forí lé.

Kí a má ṣe fi ẹ̀tọ́ ìjọba dù ú, ó ní ìdí tí ó sọ. Ó ní ilẹ̀ náà rẹlẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, pé omi lè bò ó mọ́lẹ̀, pé ibẹ̀ dọ̀tí, àti pé ìjọba ti gba ilẹ̀ náà láti ọjọ́ pípẹ́. Irọ́ kọ́ ni pé omi ń yọ àwọn ará Màrókó lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fi ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà wọn ọ̀rọ̀ yìí. Lẹ́yìn tí a lé àwọn ènìyàn tán, a fi iyanrìn kún ilẹ̀ náà, a la títì sí i, a sì pín in. Lónìí, ilé ńláńlá, báńkì àti ilé ìtajà ni ó wà níbẹ̀, ilẹ̀ rẹ̀ sì wà lára àwọn tí ó wọ́n jù lọ ní Nàìjíríà. Bí ó bá jẹ́ pé omi ni àrùn náà, a jẹ́ pé oògùn rẹ̀ wà: iyanrìn ni. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé a lo oògùn náà lẹ́yìn tí a ti lé aláìsàn jáde, a sì fi ibùsùn rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ilé mẹ̀kúnnù ni ó jó, ilé olówó ni ẹwà bù sí.

Ìwọ̀nba díẹ̀ nínú àwọn tí ó ní ilé tiwọn ni ìjọba fún ní ibùgbé ní Ìlasàn, Ìkòtà àti Ẹ̀pẹ́. Púpọ̀ nínú àwọn ilé náà ni a kò tíì kọ́ parí. Àwọn ayálégbé, tí wọ́n pọ̀ jù lọ, kò rí nǹkan kan gbà. Ẹbí Oníru ní tiwọn kò parẹ́. Wọ́n ti pàdánù ìlú Ìru àtijọ́, èyí kì í sì í ṣe àdánù kékeré; ṣùgbọ́n oyè wọn wà síbẹ̀, orúkọ wọn wà síbẹ̀, àdúgbò tí ó ń jẹ́ orúkọ wọn sì wà ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí Màrókó wà rí. A kò sọ èyí láti dá wọn lẹ́bi, nítorí àwọn kọ́ ni ó rán katakata. A sọ ọ́ kí a lè rí ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ẹni tí ó ní gbòǹgbò àti ẹni tí kò ní.

Kí wá ni gbòǹgbò yìí? Nǹkan mẹ́rin ni mo rí. Èkínní ni ìwé: ẹni tí òfin mọ̀ pé ó ni nǹkan kò ṣòro láti san owó fún. Èkejì ni ìròyìn: alágbára a máa gbọ́ ohun tí ń bọ̀ kí rédíò tó sọ ọ́. Ẹ̀kẹta ni ilé kejì: bí a bá wó ọ̀kan, òmíràn wà tí yóò kó lọ. Ẹ̀kẹrin ni agbẹnusọ: ẹni tí ó mọ agbẹjọ́rò, tí ó mọ òṣìṣẹ́ ìjọba, kì í dá nìkan sọ̀rọ̀. Ayálégbé Màrókó kò ní ọ̀kankan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Bí a bá padà sẹ́yìn, a óò rí i pé bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ rí ní Èkó àtijọ́. Ní oṣù December 1851, ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó, wọ́n lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò, wọ́n sì dá Akítóyè padà sórí oyè. Púpọ̀ nínú ìlú náà ni iná jó. Kòsọ́kọ́ sá lọ sí Ẹ̀pẹ́ pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀. Ó ń ṣòwò níbẹ̀, ó sì bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì tọwọ́ bọ ìwé ní 1854. Ní 1861, Dòsùnmú, ọmọ Akítóyè, fi Èkó sílẹ̀ fún ọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ń san owó fún un lọ́dọọdún. Ní 1862, wọ́n jẹ́ kí Kòsọ́kọ́ pàápàá padà wá sí Èkó, wọ́n ń san 400 pọ́n-ùn fún òun náà lọ́dún. Oṣòdì Tápà, balógun rẹ̀, bá a padà, àdúgbò tí òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ tẹ̀ dó sí ni a ń pè ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó títí di òní. Ọba méjì bá ara wọn jà títí ìlú fi jó; àwọn aṣojú ìdílé méjèèjì gba owó. Ní ti àwọn tí ilé wọn jóná, orúkọ wọn kò hàn nínú ìwé ìtàn.

Bí a bá dúró níhìn-ín, a óò wí pé ẹjọ́ ti parí. Ṣùgbọ́n "agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni." Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ti ẹnì kejì.

Àwọn alágbára kì í yè é nígbà gbogbo. Baṣọ̀run Gáà fi ayé ni ọba lára ní Ọ̀yọ́, ṣùgbọ́n ní 1774, Aláàfin Abíọ́dún bì í ṣubú, ikú gbígbóná ni ó sì kú. Láti ìgbà náà ni a ti ń wí pé, "Bí o láyà, ṣe ìkà, bí o rántí ikú Gáà, ṣe òótọ́." Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn, tí ó ní ẹrú àti ọrọ̀ tí kò lóǹkà, ni a pa ní 1874. Kúrunmí, alágbára Ìjàyè, rí ikú àwọn ọmọ rẹ̀ lójú ogun kí òun náà tó kú ní 1861. Ní ọjọ́ 15 oṣù January 1966, àwọn ọmọ ogun pa Abubakar Tafawa Balewa, olórí ìjọba Nàìjíríà, àti Ládòkè Akíntọ́lá, olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn. Igi tí ó ga jù ni ìjì kọ́kọ́ ń rí. Nítorí náà, ẹni tí ó bá sọ pé alágbára kì í ṣubú kò ka ìtàn.

Síbẹ̀, nǹkan kan wà tí a kò gbọdọ̀ fojú fò. Nígbà tí Gáà ṣubú, oyè Baṣọ̀run kò ṣubú. Nígbà tí Kúrunmí kú, ogun kò dúró. Ní 1862, Ìbàdàn pa Ìjàyè run, àwọn ará ìlú sì fọ́n ká, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn sá lọ sí Abẹ́òkúta láti bẹ̀rẹ̀ ayé tuntun. Alágbára kan a máa ṣubú, alágbára mìíràn a sì gba àga rẹ̀. Ṣùgbọ́n yálà ẹni tí ó wà lórí àga yè é tàbí kò yè é, mẹ̀kúnnù ti jẹ tirẹ̀ nínú ìyà. Èyí ni ó jẹ́ kí n gbà pé ìdajì òtítọ́ ni ó wà nínú ọ̀rọ̀ àwọn tí ó dáhùn ní kíákíá. Pé alágbára ń yè é nígbà gbogbo, èyí kì í ṣe òtítọ́. Pé mẹ̀kúnnù ni ó kọ́kọ́ ń san owó ìdàrúdàpọ̀, òtítọ́ ni.

Ǹjẹ́ ìyà náà ha jẹ́ àyànmọ́ bí? Ẹ jẹ́ kí a lọ sí Abẹ́òkúta kí a tó dáhùn. Níbẹ̀, àwọn obìnrin ń san owó-orí fún ìjọba lábẹ́ Aláké Adémọ́lá Kejì. Àwọn ìyá ọlọ́jà àti àwọn obìnrin tí ó kàwé para pọ̀ nínú ẹgbẹ́ kan tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ṣe olórí rẹ̀. Wọ́n kọ ìwé ẹ̀hónú, wọ́n yẹ ìwé ìṣirò owó wò, wọ́n sì lọ jókòó sí iwájú ààfin ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ní oṣù July 1948, Aláké fi ìlú sílẹ̀ lọ sí Òṣogbo. Ní oṣù January 1949, ó fi oyè sílẹ̀. Nígbà tí ó di oṣù December 1950, ó padà sórí ìtẹ́. Ẹni tí ó bá wo ọba nìkan yóò wí pé, "Ẹ ò rí i? Alágbára tún yè é." Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wo àwọn obìnrin yóò rí i pé owó-orí tí wọ́n ń jà lé lórí ni a mú kúrò. Ọba padà, owó-orí náà kò bá a padà.

Kí ni ó wà ní Abẹ́òkúta tí kò sí ní Màrókó? Àwọn obìnrin Ẹ̀gbá ti ní ẹgbẹ́ kí ọjọ́ ìjà tó dé. Wọ́n ní àkọsílẹ̀ tí wọ́n lè fi hàn. Wọ́n ní agbẹnusọ láàárín ara wọn. Bí a bá wò ó dáadáa, púpọ̀ nínú gbòǹgbò tí a kà sílẹ̀ lókè yìí ni wọ́n fi ọwọ́ ara wọn gbìn. Àwọn ará Màrókó ní tiwọn bá ìjọba ológun pàdé, ìyẹn ìjọba tí kì í bẹ ẹnikẹ́ni fún ìbò. Òfin ilẹ̀ ti ọdún 1978 sì ti fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà. Kì í ṣe pé wọ́n ya ọ̀lẹ. Ọ̀sẹ̀ kan kò tó láti gbin igi tí yóò ta gbòǹgbò.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀kọ́ méjì ni ó wà níbí. Bí ẹ bá dàgbà tí ẹ kò ní agbára, ẹ má ṣe dúró de ọjọ́ tí katakata yóò dé kí ẹ tó mọ orúkọ aládùúgbò yín. Ẹ máa tọ́jú ìwé, ẹ máa béèrè ohun tí òfin sọ, ẹ sì máa ṣe ẹgbẹ́, nítorí àìkọ́wọ̀ọ́rìn ejò ni ó ń jẹ ejò níyà. Bí ẹ bá sì dàgbà tí agbára bọ́ sí yín lọ́wọ́, tí ẹ di aṣòfin, adájọ́ tàbí gómìnà, ẹ rántí pé kì í ṣe onílẹ̀ nìkan ni ó ń gbé lórí ilẹ̀. Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé pé kí a wó àdúgbò kan, ẹ kọ́kọ́ béèrè pé: níbo ni ayálégbé yóò sùn lálẹ́ ọjọ́ náà? Ìlú tí ó bá ru igi lọ sí ààfin tí ó jó ti ṣe ohun tí ó yẹ. Ìlú tí ó bá tún ru igi lọ sí ahéré tí ó jó, ìlú náà ni a lè pè ní ìlú tí ó gún régé.

ÌBÉÈRÈ

1. Kí ni ìtumọ̀ òwe tí ó bẹ̀rẹ̀ àròkọ yìí? Báwo ni òǹkọ̀wé ṣe yí i padà nígbà tí ó ń sọ̀rọ̀ nípa Màrókó?
2. Kí ni ìdájọ́ ọdún 1921 ṣe fún àwọn onílẹ̀? Àwọn wo ni kò ràn lọ́wọ́, kí sì ni ìdí rẹ̀?
3. Ìdí wo ni ìjọba sọ pé òun fi wó Màrókó? Ṣé o gba bí òǹkọ̀wé ṣe dán ìdí náà wò? Sọ èrò tìrẹ.
4. Dárúkọ gbòǹgbò mẹ́rin tí alágbára ní. Èwo nínú wọn ni àwọn obìnrin Ẹ̀gbá ní?
5. Kọ àròkọ tí kò ju ojú ìwé méjì lọ lórí òwe yìí: "Bí o láyà, ṣe ìkà, bí o rántí ikú Gáà, ṣe òótọ́."

ÀWỌN Ọ̀RỌ̀ TÍ Ó YẸ KÍ A MỌ̀

Ìdẹ́jọ: àwọn ìjòyè onílẹ̀ ní Èkó, tí wọ́n máa ń dé fìlà funfun.
Gbà-má-bínú: owó tí a san fún ẹni tí a gba ohun ìní rẹ̀ tàbí tí a bà á jẹ́.
Ayálégbé: ẹni tí ń san owó láti gbé inú ilé onílé.
Àìkọ́wọ̀ọ́rìn: kí ènìyàn máa dá rìn, kí ó má bá ẹgbẹ́ rẹ̀ rìn pọ̀.